Àkàrà Igba Náírà: Bí A Ti Ń Kọ́ Ìmọ̀ Oúnjẹ Aláìsàn

Bí ọ̀dọ́ kan bá sọ nílé pé ìmọ̀ oúnjẹ àti bí a ti ń fi oúnjẹ tọ́jú aláìsàn ni òun fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn àgbà ni pé: ṣé oúnjẹ sísè náà ni ènìyàn ń fi ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kọ́? Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ṣàwàdà. Ìyá tó bí ọmọ náà ti ń ro ọkà láti kékeré, ẹnikẹ́ni kò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀. A kúkú máa ń sọ pé oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Bí oúnjẹ bá ti wọlé, tí ebi sì ti jáde, kí ló tún kù láti kọ́?

Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni ìdáhùn wà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí aláìsàn máa lọ sílé. Ẹ wo ìwé pélébé tó wà lọ́wọ́ bàbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Má jẹ ẹ̀bà. Má jẹ ìrẹsì. Má jẹ iṣu. Má jẹ búrẹ́dì. Kò sí ibì kan nínú ìwé náà tí wọ́n kọ ohun tí yóò jẹ sí. Bàbá á délé, á máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, títí ẹran ara rẹ̀ yóò fi máa yọ́ lọ, tí ṣòkòtò rẹ̀ kò ní dúró nídìí rẹ̀ mọ́. Àwọn ará ilé á ní àìsàn náà ló ń jẹ ẹ́. Nígbà mìíràn, ebi ni.

Iṣẹ́ onímọ̀ oúnjẹ ní ilé ìwòsàn, ẹni tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní dietitian, ni láti kọ apá kejì ìwé náà: ohun tí aláìsàn yóò jẹ, ìwọ̀n tí yóò jẹ, ìgbà tí yóò jẹ ẹ́, àti bí yóò ṣe rí i rà. Ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rìn kó tó lè kọ ọ́ gùn ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ, ibi tó sì le jù níbẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ń retí.

Ká má purọ́, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jókòó nínú kíláàsì ọdún kìíní kò yan ẹ̀kọ́ yìí fúnra wọn. Ìmọ̀ ìṣègùn ni wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, máàkì kò tó, wọ́n sì gba èyí tí wọ́n rí. Mi ò rí ohun ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé náà ti wọlé. Wọ́n ń kọ́ni ní ìmọ̀ yìí ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n sì ń kọ́ni ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, ká dárúkọ méjì péré. Kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tó bá sá fún kẹ́mísírì wá síbí, inú kẹ́mísírì ló sá sí.

Àwọn ọdún àkọ́kọ́ dá lórí ara ènìyàn: bí ikùn ṣe ń lọ oúnjẹ, iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, bí ínsúlínì ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n á kọ́ ọ pé gíráàmù kan oúnjẹ afúnnilókun ń fún ara ní kálórì 4, amúaradàgbà náà 4, ọ̀rá 9, ọtí líle sì 7. Ẹni tó mọ ìṣirò lè há èyí sórí kí omi tó hó. Mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti ń dùn ni ìgbà tí kẹ́mísírì bá pàdé oúnjẹ ilé. Amúaradàgbà kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Àwọn amino acid ló para pọ̀ di í, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn. Mẹ́sàn-án wà nínú wọn tí ara àgbàlagbà kò lè ṣe fúnra rẹ̀, àfi kó rí wọn nínú oúnjẹ. Àgbàdo kò ní lysine tó. Ẹ̀wà ní lysine dáadáa, ṣùgbọ́n methionine tirẹ̀ ni kò tó, èyí tí àgbàdo sì ní. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ èyí sílẹ̀ tán, tó gbé orí sókè, á rí i pé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ògì àti àkàrà, ni olùkọ́ ń sọ láti àárọ̀. Àwọn ìyá àgbà kò gbọ́ orúkọ lysine rí, síbẹ̀ oúnjẹ àárọ̀ tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ ti di àlàfo náà.

Kí a má sì tìtorí èyí sọ pé gbogbo ohun tí àwọn àgbà ṣe ló pé. Ògì kan náà yìí, bí a bá fi omi púpọ̀ pò ó, tí a sì ń fún ọmọ oṣù mẹ́jọ láìfi nǹkan kan sí i, ikùn ọmọ á kún, oúnjẹ inú rẹ̀ kò sì ní tó nǹkan. Nígbà tí a bá ń sẹ́ ògì, díẹ̀ nínú amúaradàgbà àgbàdo ń bá èèrí lọ, ewúrẹ́ ló sì ń jẹ ẹ́. Bí a bá fi ẹ̀wà lílọ̀, ẹ̀pà tàbí edé lílọ̀ sínú ògì ọmọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Awuyewuye rẹ̀ kì í tán ní kíláàsì. Ẹni tó ní kò sí nǹkan kan nínú pọ̀nmọ́ kò sọ òtítọ́ tán: amúaradàgbà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n collagen ló pọ̀ jù, collagen kò sì ní tryptophan rárá. Ẹni tó fi pọ̀nmọ́ jẹ ẹ̀wà kò ní ìṣòro. Ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ kò ní ju pọ̀nmọ́ mẹ́ta lọ, lójoojúmọ́, ló yẹ ká bá jókòó.

Apá kan ìtàn ìmọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ nítòsí wa, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ní 1933, Cicely Williams, dókítà obìnrin tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tó di Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn ń bó. Ní 1935 ó fi orúkọ tí àwọn ará Gã ń pe àrùn náà kọ ìwé mìíràn: kwashiorkor, àìsàn tó ń mú ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò tó tẹ̀lé e. Nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, láti 1967 sí 1970, àwòrán àwọn ọmọ Biafra mú kí ayé mọ ọ̀rọ̀ náà.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́, èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù wà lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tí ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa kú dé, ohun tó wà lọ́kàn gbogbo ènìyàn ni pé kí wọ́n fún un ní oúnjẹ púpọ̀, kíákíá. Oúnjẹ púpọ̀ yẹn lè pa á. Ara tí ebi ti ń bá jà fún ìgbà pípẹ́ ti dín gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kù. Bí oúnjẹ bá dé lójijì, ínsúlínì á ru sókè, phosphate àti potassium inú ẹ̀jẹ̀ á sáré wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ọkàn ọmọ sì lè dákẹ́ lójú ẹni tó ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi là á kalẹ̀ pé mílíìkì pàtàkì tí wọ́n ń pè ní F-75 ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí kálórì 75 wà nínú mìlílítà 100 rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ní wákàtí méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta, tọ̀sán-tòru. Ìgbà tí ara ọmọ bá balẹ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè oúnjẹ fúnra rẹ̀, ni a ó bọ́ sórí F-100. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú pàápàá, tí gbogbo ìyá mọ̀ pé ó dára, a kì í fún un ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ wá fojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró ti ibùsùn ọmọ náà pẹ̀lú ife kékeré lọ́wọ́, tí ìyá àgbà ọmọ ń wò ó tìyanu-tìyanu, tó wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọmọ tí ebi ń pa lẹ ń fi oúnjẹ ṣahun sí?" Kí ló fẹ́ sọ? Ìwé kọ ìwọ̀n mílíìkì sílẹ̀ délẹ̀, kò kọ èsì ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọ Yorùbá náà wà nínú ìtàn yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun, oníṣègùn àrùn iṣan àti ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ṣèwádìí láàárín àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ní àwọn ọdún 1960 nípa àìsàn kan tó ń mú kí ẹsẹ̀ àgbàlagbà má dúró déédéé nílẹ̀, tó ń ba ojú àti etí jẹ́. Ẹ̀gẹ́ ló nawọ́ sí: májèlé cyanide tó ń ṣẹ́kù sínú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa, tí ènìyàn sì ń jẹ lójoojúmọ́ láìfi bẹ́ẹ̀ rí oúnjẹ mìíràn jẹ mọ́ ọn. Àwọn olùwádìí tó tẹ̀lé e ti jiyàn lórí bóyá ẹ̀gẹ́ nìkan ló fà á. Ìbéèrè kan ti wọ inú iṣẹ́ náà láti ìgbà náà wá: ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi sẹ́ gàrí yìí kí wọ́n tó yan án? Gàrí tí ó kan dáadáa kó tó dé agbada kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n fún lónìí tí wọ́n yan lọ́la nítorí ọjà. Ẹ kò ní rí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n kọ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló sì gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè sọ pé aláìsàn jẹ kálórì tó tó báyìí, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti gbé oúnjẹ náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kó ti kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú àtẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, McCance àti Widdowson gbé irú àtẹ bẹ́ẹ̀ jáde ní 1940. Ọ̀dùnkún òyìnbó wà nínú rẹ̀, ìṣápá kò sí. Títí di ìgbà tí àwọn onímọ̀ tiwa bíi Oguntona àti Akinyele gbé àtẹ oúnjẹ Nàìjíríà jáde ní 1995, tí àjọ FAO sì tẹ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 2012, iṣẹ́ pọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú gbẹ̀gìrì.

Ṣùgbọ́n àtẹ kò mọ ohun tí Màmá jẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ béèrè. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé kó béèrè gbogbo ohun tí aláìsàn jẹ láàárín wákàtí 24 tó kọjá, kó sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ó dà bí ohun tó rọrùn jù láyé. Báyìí ló sábà máa ń lọ:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ jẹ láti àárọ̀ àná?"

"Mi ò tíì jẹun, ọmọ mi."

"Láti àná, mà?"

"Rárá o. Mo jẹ àmàlà lálẹ́ àná."

"Láàárọ̀ àná ńkọ́, mà?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan láàárọ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná ni mo mu, pẹ̀lú àkàrà."

"Àkàrà mélòó ni, mà?"

"Àkàrà igba náírà."

Màmá kò purọ́. Nínú èdè wa, ẹni tí kò tíì jẹ òkèlè kò tíì jẹun. Ẹ̀kọ mímu, tíì àti búrẹ́dì, ẹ̀pà tó ń jẹ níbi tó ti ń tajà, gàrí tó rẹ lọ́sàn-án, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí oníbàárà rà fún un, ìpanu ni gbogbo wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ìbéèrè ìwé Gẹ̀ẹ́sì lọ bá a á kọ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sílẹ̀ fún gbogbo ọjọ́, á sì gbà pé ebi ló ń pa obìnrin tí ìwọ̀n ara rẹ̀ ti ju ti ẹni tí ebi ń pa lọ. Àwọn tó bá mọ iṣẹ́ yìí máa ń bá aláìsàn rìn la ọjọ́ rẹ̀ já ni. Nígbà tí ẹ kírun àsùbá tán, kí lẹ fi kan ẹnu? Nígbà tí ẹ dé ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Nígbà tí àwọn ọmọ ti ilé ìwé dé, ṣé ẹ bá wọn nu abọ́? Ìyá tó ń jẹ ìjẹkù ọmọ mẹ́rin ti jẹ oúnjẹ odindi kan, kò sì ní rántí rẹ̀ láé, nítorí pé kò bu oúnjẹ náà sínú abọ́ tirẹ̀.

Kí wá ni àkàrà igba náírà? A kì í sábà fi gíráàmù díwọ̀n oúnjẹ. Owó la fi ń díwọ̀n rẹ̀, tàbí ṣíbí olóúnjẹ, tàbí kóńgò, tàbí agolo dẹ́ríkà. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìtara á lọ sọ́dọ̀ alákàrà tó wà lẹ́nu géètì, á ra ti igba náírà, á gbé e sórí ìwọ̀n, á kọ ọ́ sílẹ̀. Á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, á tún rà, yóò sì rí i pé kò bá ara mu. Ní sáà tó tẹ̀lé e, owó ẹ̀wà ti gbówó lórí, òróró ti gbówó lórí, àkàrà igba náírà ti kéré sí i, orúkọ rẹ̀ kò sì yí padà. Bí Màmá bá padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tó tún ní àkàrà igba náírà lòun jẹ, ìwé á sọ pé kò sí ìyàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni amúaradàgbà tó ń wọ ara rẹ̀ ti dínkù. Mi ò mọ ìwé kankan láti òkè òkun tó lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní èyí. Ọjà ló ń kọ́ni.

Ìdí tí mo fi ń pariwo ìwọ̀n ni pé òun gan-an ni ìwé pélébé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò mẹ́nu bà. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú àti wíìtì jẹ́ oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Lóòótọ́, ara kì í tètè lọ àgbagbà tí kò pọ́n bíi ti èyí tó ti pọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá gé e, tí a sá a gbẹ, tí a lọ̀ ọ́ di èlùbọ́, omi inú rẹ̀ ti lọ, ohun tó kù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ afúnnilókun pọ́ńbélé. Bí a bá ro ó ní ọkà ńlá méjì nítorí pé "dókítà ní ó dára fún mi", ṣúgà ẹ̀jẹ̀ á fò sókè. Wíìtì náà kò yàtọ̀. Lọ́nà kejì, ẹni tí wọ́n ní kó má jẹ ẹ̀bà láéláé lè máa jẹ ẹ dáadáa bó bá mọ ìwọ̀n rẹ̀: nínú 100 gíráàmù gàrí gbígbẹ, tó bíi 80 gíráàmù afúnnilókun ló wà níbẹ̀, onímọ̀ oúnjẹ sì lè ṣírò iye tó bá oògùn aláìsàn náà mu, kó fi ẹ̀fọ́ púpọ̀ àti ẹja tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀bà tó tó ìkúùkù ọwọ́ ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ yàtọ̀ sí ẹ̀bà tó bo abọ́. Ewu mìíràn tún wà: ẹni tó ń gún ínsúlínì, tó sì ń bẹ̀rù oúnjẹ, ṣúgà rẹ̀ lè wálẹ̀ lóru débi tí kò ní lè pe ẹni tó sùn tì í.

Ibòmíràn tí ìwé kì í dé ni agbo ilé. Ẹni tí a ń kọ́ kì í sábà jẹ́ ẹni tó ń se oúnjẹ. Bàbá ni aláìsàn, ìyàwó tàbí ọmọ ló di ìkòkò mú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi wákàtí kan ṣàlàyé iyọ̀ fún Bàbá, tó ní Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fẹ́ kí àgbàlagbà jẹ ju gíráàmù 5 lọ lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan, àsán ni bí ẹni tó ń fi kúùbù mẹ́rin sínú ọbẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, nítorí pé iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú kúùbù náà. Èèwọ̀ tún wà. Aboyún kan kì í jẹ ìgbín kí ọmọ má baà máa da itọ́. Ìyá mìíràn kò fún ọmọ ní ẹyin kí ó má baà di olè. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ fi irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣe ẹlẹ́yà lórí ẹ̀rọ ayélujára. Níbi iṣẹ́, ẹlẹ́yà kò ra nǹkan kan. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọlúàbí á béèrè pé, bí kò bá sí ìgbín, ṣé ẹja lè wà? Bí kò bá sí ẹyin, ṣé a lè fi edé lílọ̀ sínú ẹ̀kọ ọmọ? Lọ́pọ̀ ìgbà, èèwọ̀ ti ilẹ̀kùn kan, ó sì fi mẹ́ta sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí yunifásítì, iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ tún wà ní ilé ìwòsàn, lábẹ́ àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀. Wọ́n á gbé e kiri: wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ, ibi tí wọ́n ti ń fi rọ́bà bọ́ ẹni tí kò lè gbé oúnjẹ mì, ilé ìdáná ilé ìwòsàn níbi tí àwọn alásè ti ń wo ọmọ yunifásítì tìfura-tìfura. Ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ pé ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, irú warfarin, kò gbọ́dọ̀ yé jẹ ẹ̀fọ́; ohun tó yẹ ni kó máa jẹ ìwọ̀n kan náà ní gbogbo ìgbà, kí oògùn rẹ̀ má baà ṣìnà. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ bí a ti ń sọ èrò ẹni níwájú dókítà àgbà láìsí àfojúdi, láìsí ojo.

Wọ́ọ̀dù kíndìnrín ló le jù, gbogbo wọn ló sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, oúnjẹ tí a ti ń yìn láti ọdún kìíní di ohun tí a ń ṣọ́. Potassium tó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, tòmátì, ẹ̀wà àti omi àgbọn lè dá ọkàn ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ bí a ti ń bó iṣu, kí a gé e wẹ́wẹ́, kí a sè é nínú omi púpọ̀, kí a da omi náà nù, kí potassium lè bá omi lọ. Á kọ́ láti béèrè bóyá ẹnìkan ti ra iyọ̀ pàtàkì fún aláìsàn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí pé potassium ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò sodium nínú irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ amúaradàgbà. Kí aláìsàn tó dé orí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ní kó dín in kù, sí nǹkan bíi gíráàmù 0.6 sí 0.8 fún kílógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan, kí kíndìnrín lè sinmi díẹ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ, ìlànà á yí padà pátá: ẹ̀rọ náà ń fọ amino acid jáde mọ́ ìdọ̀tí, ó di gíráàmù 1.0 sí 1.2. Fún ọkùnrin tó wọn kílógíráàmù 60, láti 36 sí 48 tẹ́lẹ̀, ó di 60 sí 72. Ohun tó lé sí i tó ẹyin mẹ́rin lójúmọ́, nítorí pé amúaradàgbà inú ẹyin kan ń lọ sí gíráàmù 6.

Ìyàwó aláìsàn ló máa ń gbọ́ èyí. Odindi ọdún méjì ni wọ́n fi sọ fún un pé kó dín ẹran ọkọ rẹ̀ kù, ó gbọ́ràn, ó ń yọ ọ́ kúrò nínú ọbẹ̀, ọkọ ń bínú sí i. Lónìí, ọmọdébìnrin kan tó wọ kóòtù funfun ní kó fi kún un. Kò burú bó bá wò ó lójú pé, ṣé ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ ń ṣe báyìí? Akẹ́kọ̀ọ́ á ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún un, láìlo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, pé ó dà bí asẹ́ tí ojú rẹ̀ gbòòrò, tó ń da ògì nù mọ́ èèrí. Obìnrin náà á mi orí, ọ̀rọ̀ náà ti yé e. Lẹ́yìn náà á béèrè ìbéèrè tirẹ̀: "Ẹyin mẹ́rin lójúmọ́, àǹtí? Lẹ́yìn owó ẹ̀rọ?"

Akẹ́kọ̀ọ́ á ṣí àtẹ rẹ̀. Ẹ̀wà kò gbówó lórí tó ẹran, ṣùgbọ́n potassium wà nínú rẹ̀. Edé gbígbẹ àti ẹja tí a ń jẹ teegun-teegun, phosphorus wọn pọ̀. Ẹja ṣáwá tútù lè ṣeé ṣe, bí wọ́n bá yọ egun rẹ̀, tí wọn kò sì fi iyọ̀ púpọ̀ sí i. Bóyá ẹyin méjì àti ẹja kan, kí àwọn ọmọ tó wà nílé náà lè rí tiwọn jẹ. Ó yíjú sí ọ̀gá tó ń kọ́ ọ. Ọ̀gá kò sọ èyí tí yóò mú fún un. Ó kàn ní kó béèrè iye tí ìyá náà ń ná lọ́jà lọ́sẹ̀ kan, kó kọ ọ́ sí òkè ìwé kó tó kọ gíráàmù kankan.